Kọ̀ǹpútà ilé wa ti bọ́ sórí Linux
Alẹ́ àná ni mo fi Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, rọ́pò Windows orí rẹ̀. Kọ̀ǹpútà wa ti pé ọdún 9, kò ní TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà) tí Windows 11 ń béèrè, àtìlẹ́yìn Windows 10 sì ti parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, 2025. Ara rẹ̀ ṣì le koko, mi ò lè jù ú nù.

Mo kọ́kọ́ kó fọ́tò àwọn ọmọ àti ohùn bàbá mi olóògbé pamọ́ sórí fláàṣì, mo sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìyẹn o. Mo wá fi fláàṣì mìíràn tan Linux Mint, irú Linux kan, wò láì tíì pa ohunkóhun rẹ́: Wi-Fi mú, ohùn jáde. Nígbà tí mo fẹ́ tẹ Install, àyà mi ń lù kìkìkì.

Kíbọ́ọ̀dù ló wú mi lórí jù. Mo wo abẹ́ Nigeria nínú àkójọ wọn, Yorùbá wà níbẹ̀! Mo kọ orúkọ màmá mi tàmìtàmì, mo pè wọ́n kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní, "Ṣé èmi rèé?" Omi lé ròrò sójú mi.

Orí rẹ̀ náà ni mo ti ń kọ èyí.