Màlámù yọ àlùkẹ́ńbù kúrò lẹ́sẹ̀ mi

Aránṣọ ni mí, ní Mọ́kọlá, nílùú Ìbàdàn. Bí mo ṣe dórí ẹṣin kò le rárá: Màlámù kan ní Sábó ló ń fi ẹṣin ránṣẹ́ síbi ìgbéyàwó àti ìwúyè, èmi ni mo sì ń rán aṣọ aláràbarà tí wọ́n fi ń ṣe ẹṣin náà lọ́ṣọ̀ọ́. Nígbà tí owó mi lọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ jù, ó ní òun á máa fi ẹ̀kọ́ san án. Mo gbà. Àwọn ọmọ mi rò pé orí mi ti dàrú.

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi gun Ṣúgà, akọ ẹṣin pupa kan, ní pápá kan lápá Ẹlẹ́yẹlé, mo sì ti ń rò pé mo mọ ẹṣin gùn. Ní àárọ̀ Sátidé kan, Màlámù wò mí títí, ó ní, "Àǹtí, irin yẹn lo ń gùn, o ò gun ẹṣin." Ló bá ní kí n yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú àlùkẹ́ńbù méjèèjì, ìyẹn irin tí a máa ń ki ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì.

Kò kàn fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa fì dirodiro o. Ó fa ìdè awọ wọn wálẹ̀ díẹ̀ kó má baà máa gún mi nítan, ó gbé ti ọ̀tún kọjá sí òsì níwájú gàárì, ó wá gbé ti òsì lé e lórí. Ó so okùn gígùn mọ́ Ṣúgà, òun dúró sáàárín, ẹṣin ń yí i po.

Nígbà tí ẹṣin ń rìn jẹ́jẹ́, kò sí wàhálà. Àfi ìgbà tó bọ́ sí trọ́ọ̀tì. Ẹ̀yin tí ẹ ò gẹṣin rí, trọ́ọ̀tì kì í ṣe ìrìn, kì í sì í ṣe eré: ẹsẹ̀ iwájú lọ́tùn-ún àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lósì á jọ balẹ̀, àwọn méjì yòókù á tẹ̀ lé e, kù-tù, kù-tù, bí ẹni ń gúnyán. Èmi sì ni iṣu. Ẹ̀rù bà mí, mo fi orúnkún méjèèjì fún gàárì gírígírí. Ohun tó bà á jẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fún ọṣẹ tútù mọ́wọ́, ṣe ló máa yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí orúnkún mi ṣe ń tì mí sókè kúrò lórí gàárì nìyẹn. Ní ìyípo kẹta, mo já bọ́ sápá ọ̀tún, sórí koríko tí òjò òru ti rin gbingbin. Ṣòkòtò mi ya, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ibi tí mo rán o.

Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀tún náà ni mo tún ń yọ̀ sí. Màlámù yí ẹṣin padà kó máa gba òdì kejì lọ, ọ̀tún náà ni. Ó bi mí pé, "Ẹsẹ̀ wo lo fi ń tẹ ẹ̀rọ?" Mo dákẹ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo ti ń tẹ àlùkẹ́ńbù ọ̀tún bẹ́ẹ̀ náà, irin yẹn ló sì ń gbé mi dúró tí ẹnikẹ́ni ò fi mọ̀ pé mo wọ́.

Ó ní kí n dẹ orúnkún, kí n jẹ́ kí ẹsẹ̀ wúwo wálẹ̀, kí egungun ìdí méjèèjì jọ kan gàárì. Bí ẹ̀rù bá bà mí, kí n di iwájú gàárì mú, kí n má fa ìjánu, torí ẹnu ẹṣin ló máa dùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ká sinmi, ká tún ṣe é. Mo ti rí àwọn ọmọkùnrin tó ń fi ìdajì wákàtí yangàn. Ẹ̀yìn ẹṣin ló ń jìyà rẹ̀. Itan tèmi náà ò kéré: mo kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ mi, mi ò lè dìde mọ́. Ẹ wá wo àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí wọ́n ń gẹṣin jagun láì ní àlùkẹ́ńbù!

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, Màlámù dá àlùkẹ́ńbù padà. Mo ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, mo ní, "Màlámù, ti òsì gùn jù." Ó ní ihò kan náà ni wọ́n wà. Mo sọ̀kalẹ̀, mo yọ téèpù lọ́rùn, mo wọ̀n wọ́n: ti òsì fi ínṣì kan gùn ju ti ọ̀tún lọ. Òsì ni a ti máa ń gun ẹṣin, awọ rẹ̀ ti fà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó lé e, èmi tí mo máa ń tú ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà palẹ̀ nítorí ààbọ̀ ínṣì. Màlámù rẹ́rìn-ín, ó gbé awọ òsì sí ọ̀tún, ó gbé ti ọ̀tún sí òsì, ó ní kí n padà gun ẹṣin.