Ìtọ̀ tí kò ṣeé mú mọ́ra: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ẹ̀yin ìyá mi tí òùngbẹ ń gbẹ lọ́jà Ọba láti àárọ̀, tí ẹ kò mu omi kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa mu ún. Ìtọ̀ tó bá pọ́n tán, ńṣe ló máa ń ta àpò ìtọ̀, á wá máa lé yín sáré. Obì àti tíì ni kí ẹ dín kù, kaféènì wà nínú méjèèjì. Láti ìgbà tí n kò ti jẹ obì nírọ̀lẹ́ mọ́ ni mo ti ń rí oorun sùn.

Bí mo bá wúkọ́ tàbí tí mo gbé ẹrù, ìtọ̀ á já díẹ̀. Ìgbà míì, á gbọ̀n mí lójijì, kí n tó dé ilé ìtọ̀, aṣọ ti tutù. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìtọ́jú wọn kò sì rí bákan náà.

Ti ikọ́ yẹn, iṣan ìsàlẹ̀ tó gbé àpò ìtọ̀ ró ló dẹ̀. Ẹ fà á sókè sínú bí ẹni tí kò fẹ́ kí ìsó jáde láàárín èrò, ẹ dì í mú díẹ̀, ẹ tú u sílẹ̀ kó sinmi dáadáa. Ó kéré tán, ìgbà 8 lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, fún oṣù 3. Ẹ máa mí, ẹ má fún itan pọ̀. Mo so tèmi mọ́ ìrun kí n má baà gbàgbé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn fisiotẹ́rápì, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú iṣan, ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, l'Ókè-Òsè, bóyá iṣan tó yẹ lẹ ń fà, torí àwọn míì ń tì í jáde ni.

Èyí tó ń gbọ̀nni lójijì, ẹ má sáré. Ẹ jókòó, ẹ fa iṣan náà kíákíá lẹ́ẹ̀mélòó kan, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀ kí ẹ tó dìde. Ẹ wá máa fi ìṣẹ́jú 15 kún àárín ìtọ̀ kan sí èkejì, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi tó wákàtí 3. Èyí ló nira fún mi jù, òun náà ló sì ṣe mí láǹfààní jù.

Oògùn wà fún èyí tó ń gbọ̀nni lójijì yìí: oxybutynin, tolterodine, solifenacin. Wọ́n máa ń mú ẹnu gbẹ, ìgbẹ́ sì lè le. Oxybutynin lè da iyè arúgbó rú; ẹ má rà á fún ìyá àgbà ní kẹ́mísì láìrí dókítà. Mirabegron kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ẹnu gbẹ, ṣùgbọ́n ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ru. Bí oògùn kò bá ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń gún abẹ́rẹ́ Botox sára àpò ìtọ̀.

Ẹni tí tirẹ̀ kì í dáwọ́ dúró, ẹ má pa ìrun tì. Aáfà wa ní bí àsìkò bá wọlé, kí ó fọ ara, kí ó fi aṣọ dí i, kí ó ṣe àlùwàlá, kó kírun.

Ṣáájú gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ yín wò, àtọ̀gbẹ tàbí kòkòrò lè wà nídìí ẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìrọbí tó pẹ́ ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn tọ̀sán-tòru, ó ṣeé ṣe kí àpò ìtọ̀ ti lu, iṣẹ́ abẹ ló sì sábà máa ń dí i. Ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kó lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.