Àtíbàbà Àgbàdo

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Oko Bàbá Àgbà lẹ́yìn Ìṣẹ́yìn ni mo ti ń bọ̀. Háhá àgbàdo ti fi gbogbo apá mi yún.

Àká tuntun ti dúró. Igi àti ọparun la fi ṣe é, bẹẹrẹ la fi bò ó. Tí ikán bá ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tán, a óò wó o, a óò tún òmíràn ṣe. Bàbá kì í pè é ní ilé. Wọ́n ní àtíbàbà àgbàdo lásán ni.

Lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo ní ká fẹ̀ ẹ́. Àká tínínrín tí inú rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 2 lọ, kí la fẹ́ kó síbẹ̀? Bàbá kàn wò mí. Torí pé èmi ni mo sanwó àwọn tó ṣe é, a fẹ̀ ẹ́ di ẹsẹ̀ bàtà 5. Òjò Oṣù Kẹsàn-án kò dáwọ́, atẹ́gùn kò ráàyè dé àárín. Ẹ̀gbẹ́ gbẹ, àárín bu. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó gbóná bí ara ọmọ tí ibà ń ṣe. Adìẹ pàápàá, Bàbá kò jẹ́ kó jẹ ẹ́. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó kà á pé ẹsẹ̀ bàtà 2 ti Bàbá gan-an ni iye tí àwọn onímọ̀ dá fún ilẹ̀ olójò: nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà. Bàbá ò kà á níbì kankan.

Tọdún yìí tún ti di ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó gùn ló kọjú sí atẹ́gùn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ga dé ìbàdí mi, páánù tí a ká bí àrọ, tó dojú dé, wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí èkúté má baà gùn ún. Ẹnìkan gbé ọ̀tapiápiá wá, Bàbá dá a padà: "Ṣé kì í ṣe àwọn ọmọ mi ló máa jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ ni?" Ewé dóńgóyárò ni wọ́n tẹ́ sísàlẹ̀. Irúgbìn ti ọdún tó ń bọ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Orí àjà, lókè ààrò, ni wọ́n so ó kọ́, èéfín ti sọ ọ́ dúdú.

Kí n tó kúrò, wọ́n fún mi ní hóró kan, wọ́n ju òmíràn sẹ́nu, wọ́n rún un.

"Àjọkẹ́, ó ti gbẹ àbí kò tíì gbẹ?"

Mo rún tèmi. "Ó ti gbẹ, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tu tiwọn dànù. Wọ́n ní ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.