Ṣíbí Ni Mo Ń Bomi Rin

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí pé ewé dúdú yẹn ńkọ́, ó hù o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sinmi. Ó hù dáadáa, ó hù níbi gbogbo àfi ibi tí mo ní kó hù sí. Ìyá Títí ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì, mo sì mọ̀ pé èmi ló ń fi rẹ́rìn-ín, torí kò sí ohun mìíràn nínú ilé yìí tó pani lẹ́rìn-ín tó mi.

Ẹ ṣáà mọ abẹ́ igi ẹ̀yìnkùlé wa yẹn. Ibi tí koríko kọ̀, tí òdòdó kọ̀, tí gbogbo ohun tí mo bá rà wálé ń lọ kú sí. Oòrùn kì í débẹ̀ ju fìrí lọ. Mo wá kàwé (ìwé kíkà ni orísun gbogbo wàhálà mi láyé), mo rí i pé ewé kan wà tí ibòji kì í bà lẹ́rù. Ajuga lorúkọ rẹ̀, Ajuga reptans ní kíkún. Ara Yúróòpù ni, ẹbí kan náà ni òun àti efinrin, ṣùgbọ́n kì í dìde ga, ilẹ̀ ló máa ń fà mọ́. Á na ẹ̀ka tẹ́ẹ́rẹ́ jáde nídìí, ẹ̀ka á rá lórí ilẹ̀, ibi tó bá ti sinmi ni yóò ta gbòǹgbò sí, ọmọ tuntun á jókòó síbẹ̀, ọmọ náà á tún na tirẹ̀. Kó tó pẹ́, ilẹ̀ ti bò, èpò kò ríbi yọjú mọ́.

Ohun tí mò ń wá gan-an nìyẹn: ewé tí yóò máa ṣiṣẹ́ kí èmi lè máa jókòó.

Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Burgundy Glow, funfun, pupa àti àwọ̀ ewé ló dà pọ̀ sára rẹ̀, èèyàn á rí i láti òkèèrè. Ọlọ́gbọ́n ì bá mú ìyẹn. Èmi mú Black Scallop, torí wọ́n ní òun dúdú gan-an, ewé rẹ̀ sì ń dán.

Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ọgbọ́n mi o. Abẹ́ igi ṣókùnkùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú. Mo lọ ra ilẹ̀dú kún un kó tún lè dúdú sí i. Mo wá ra ewé dúdú, mo gbìn ín sórí ilẹ̀ dúdú, nínú òkùnkùn, kí àwọn èèyàn lè máa wá wò ó. Láti 1753 tí Carl Linnaeus, onímọ̀ ewéko ará Sweden, ti kọ orúkọ ewé yìí sínú ìwé, mi ò rò pé ẹnì kankan ti ronú jinlẹ̀ báyìí lórí bí wọ́n ṣe lè fi í pa mọ́.

Mo fi rúlà ilé-ìwé Títí wọn àlàfo bíi 30 sẹ̀ǹtímítà sáàárín wọn. Mo gbìn ín tán, mo dìde, mo fi ọwọ́ lé ìbàdí, mo fà sẹ́yìn láti wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mi ò rí nǹkan kan. Mo nu ìgò ojú mi. Ilẹ̀ náà ni. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sínú gúrúùpù wa, ọ̀kan nínú yín (mi ò ní dárúkọ, ó mọ ara rẹ̀) fèsì pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo lẹ máa wá gbin nǹkan sí i?"

Ìyá Títí jáde wá wò ó.

"Níbo ló wà?"

"Òun lo tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn."

Ó ní kí ewé náà má bínú, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó sì fi tẹ èkejì.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe kan ṣíbí nìyẹn. Ewé tuntun ń fẹ́ omi títí gbòǹgbò rẹ̀ á fi mú ilẹ̀, bẹ́ẹ̀ èèyàn kò lè bomi rin ohun tí kò rí. Àwọn ṣíbí oníke funfun kan wà tó ṣẹ́ kù láti ọjọ́ ìbí Títí. Mo kó wọn jáde, mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ẹ̀gbẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan, mo ri ọwọ́ ṣíbí mọ́lẹ̀, mo jẹ́ kí orí rẹ̀ yọ sókè. Iṣẹ́ yìí dára lójú mi débi pé mo tún lọ pe Ìyá Títí wá. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, gbogbo wọn á máa funfun lábẹ́ igi níbẹ̀ yẹn, orí ṣíbí lọ́tùn-ún, orí ṣíbí lósì, wọ́n kọjú sí fèrèsé yàrá wa. Ìyá Títí ní òun ò lè sùn tí wọ́n bá ń wo òun. Ó fa kọ́tìnnì.

Bàbá tó wà lódìkejì fẹ́ǹsì náà rí wọn. Ẹ mọ Bàbá. Kò sí nǹkan tó ń kọjá lójú Bàbá.

"Bàbá Títí, o kú iṣẹ́. Kí lo gbìn síbẹ̀ yẹn?"

"Ewé ni, sà."

"Ṣíbí ni mò ń wò."

"Ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíbí kọ̀ọ̀kan, sà."

Bàbá wo ilẹ̀. Ó wò mí. Ó tún wo ilẹ̀. "Fọ́ọ̀kì ńkọ́? Ìgbà wo ni tirẹ̀ ń bọ̀?"

Mi ò dá a lóhùn. Mo gbé rọ́bà omi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló ṣì ń dùn mí. Káàkiri ni mo gbin àwọn ewé yẹn sí, mi ò tò wọ́n lórí ìlà kan, kí wọ́n lè bo ilẹ̀ kíákíá. Àárọ̀ kan mo débẹ̀, mo rí i pé àwọn ṣíbí ti tò gbọọrọ lójú kan, bí ọmọ ilé-ìwé tó ń lọ sí kíláàsì. Ẹlòmíràn á béèrè pé ta ló tò wọ́n. Èmi gbóríyìn fún ara mi ni. Mo ní, "Ọwọ́ mi ti ń mọ́ iṣẹ́ ọgbà yìí." Mo sì ṣí omi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bomi rin ṣíbí. Láràárọ̀. Mò ń fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà kí omi má baà le jù fún wọn. Mo bu ajílẹ̀ sí wọn nídìí. Nígbà tí atẹ́gùn gbé ọ̀kan ṣubú, mo kúnlẹ̀, mo gbé e nàró, mo fi ìka tẹ ilẹ̀ yí i ká, mo ní, "Pẹ̀lẹ́, ara rẹ á yá." Mo bá ṣíbí sọ̀rọ̀. Ṣíbí oníke. Ìyá Títí wà lójú fèrèsé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, kò sọ nǹkan kan, ó ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tó máa wúlò. Ọjọ́ náà ti pé báyìí, ó sì ń lò ó dáadáa.

Nígbà tó yá, mo tanná tọ́ọ̀ṣì sí ìdí àwọn ṣíbí, mi ò rí ewé kankan. Mo gbà pé jìbìtì ni wọ́n lù mí. Mo múra, mo dúró níwájú dígí, mo ń ṣe ìdánrawò ọ̀rọ̀ tí mo máa lọ sọ fún ẹni tó tà á fún mi: "Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ pe ara yín ní olóòótọ́!" Mo wá lọ fa àwọn ṣíbí tu, kí n lè kó wọn dání lọ ṣe ẹ̀rí. (Ẹ̀rí kí ni? Ẹ má bi mí.) Ibẹ̀ ni Títí ti bá mi.

"Dádì, kí ló dé tí ẹ ń tú u ká? Èmi ni mo tò wọ́n. Wọ́n rí rúdurùdu tẹ́lẹ̀."

Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo ní ó tò wọ́n dáadáa.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fi orúnkún rìn kiri abẹ́ igi. Dídán ewé ló tú àṣírí wọn, tí iná tọ́ọ̀ṣì bá ti bà á, á kọ mànà. Wọ́n wà níbẹ̀ ní tiwọn, wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ti pa wọ́n tì. Àwọn tó wà nínú òkùnkùn biribiri ti ń padà sí àwọ̀ ewé lásán, torí oòrùn díẹ̀ ló ń mú kí dúdú rẹ̀ jáde. Ìwé sọ bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé yẹn ni mo fò. Àwọn tó gbọ́n nínú wọn ti rá kọjá bíríkì tí mo fi pààlà, wọ́n ti bọ́ sínú koríko tí a ń gé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti wá dúdú bí mo ṣe fẹ́. Ìdí ṣíbí ńkọ́, níbi tí mo da ajílẹ̀ sí? Èpò. Èpò tó sanra, tí ara rẹ̀ ń dán, tó jẹun kánú. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gbìn rí, òun ló yẹ mí jù.

Mo ní kí n fi ẹ̀rọ gékoríko lé wọn padà. Ẹ̀rọ kọjá lórí wọn, wọ́n dọ̀bálẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kọjá tán, wọ́n ń bá ìrìn àjò wọn lọ. Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n yọ òdòdó búlúù lórí igi kékeré onígun mẹ́rin tó nàró ṣánṣán, oyin sì dé. Ó lẹ́wà. Àárín koríko ló wà, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti bẹ̀ ẹ́, àmọ́ ó lẹ́wà. Ìyá Títí ní ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Báyìí, tí mo bá ń gé koríko, mo máa ń yà kiri bí ẹni tó mutí.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí parí síbẹ̀, kí ẹ rẹ́rìn-ín mi tán, ká lọ sùn. Ṣùgbọ́n Bàbá wà.

Kó tó di pé òdòdó yọ ni Bàbá ti wá kanlẹ̀kùn, ó di ẹ̀ka ajuga kan mú lọ́rùn, gbòǹgbò rẹ̀ ṣì ń já ilẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Ọmọ rẹ kan ni mo bá lábẹ́ fẹ́ǹsì." Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní màá máa gé etí rẹ̀. Àfi ìgbà tí òdòdó yọ tán, Bàbá ò rántí ẹjọ́ mọ́. Mo wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì tí mo gbọ́ tó ń sọ fún àlejò rẹ̀ pé, "Òdòdó mi nìyí. Ó gba sùúrù." Sùúrù! Èmi tí mo bomi rin ṣíbí!

Kò tó Bàbá. Ó wá hú sí i ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi, ó gbìn ín sí kòtò tó wà nídìí ẹ̀rọ omi rẹ̀, ó fún wọn pọ̀ pinpin, àárọ̀ omi, alẹ́ omi. Mo sọ fún un. Mo ní, "Bàbá, ó fẹ́ràn ilẹ̀ tútù, àmọ́ kò fẹ́ omi tó dúró. Tí ooru bá dé tí atẹ́gùn ò sì ráàyè kọjá láàárín wọn, ìdí rẹ̀ á jẹrà." Ó ní òun ti ń gbin nǹkan kí wọ́n tó bí mi.

Ooru dé. Fúńgọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Sclerotium rolfsii, òun ló máa ń ṣe ajuga bẹ́ẹ̀: òwú funfun á bo ìdí ewé, àwọn hóró kéékèèké aláwọ̀ ilẹ̀ á tẹ̀ lé e, ewé á sì wó lulẹ̀. Àmọ́ ẹ gbọ́ ibi tó ti dùn. Ewé míì tó bá fẹ́ kú, á pọ́n, á rọ, á wá dúdú, èèyàn á mọ̀. Èyí tó ti dúdú látilẹ̀wá ńkọ́? Bàbá ò mọ̀. Ó ń bomi rin òkú. Ó ń dúró tì í láàárọ̀, ó ń mi orí, ó ń sọ fún mi láti òdìkejì pé dúdú tirẹ̀ ti ju tèmi lọ. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo ti rí òwú funfun yẹn kí òun tó rí i, mo sì dákẹ́. Fọ́ọ̀kì.

Ọjọ́ tó fọwọ́ kàn án, tí gbogbo rẹ̀ tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀ yọ́rọ́yọ́rọ́, ó wá bá mi, ó ní àrùn ni mo gbé fún òun.

Mo ní, "Bàbá, mi ò gbé nǹkan kan fún yín o. Ẹ̀yin lẹ wá hú u lálẹ́."

Ó wúkọ́. Ó ní ilé ti ń pe òun.

Láná ló tún pè mí sí ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì. Ó ní òun ti kọ ajuga sílẹ̀, ewé aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni, òun ti rí èyí tó níwà. Ó ti Jàpáànù wá, ó jọ koríko, Ophiopogon planiscapus 'Nigrescens' lorúkọ rẹ̀, kì í sáré, kì í yà sílé onílé, ó sì dúdú ju tèmi lọ fíìfíì. Ó ní òun ti gbìn ín sábẹ́ igi òun láti àárọ̀, kí n wò ó. Ó nàka sí i. Mo na ọrùn, mo wò títí, ilẹ̀ ni mo rí.

Mo ní, "Ó dára gan-an, sà. Ó mà dúdú o."