Ẹ Bá Mi Gba Bàtà Mi ní Ìkéjì

Ìyá Tòbí ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ n tètè gbà bẹ́ẹ̀, torí ó ti ròyìn rẹ̀ káàkiri ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa, àwọn tí kò sì sí nípàdé ọjọ́ náà, ó ti fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp. Ní Iléṣà, níwájú ilé epo tí kò sí ìlà kankan níbẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Dádì Tòbí, ṣé ẹ ò ní ra epo?"

Mo nàka sí gééjì. Ó wà ní ìdajì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ mọ́tò mi rí ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Gééjì yẹn ti wà ní ìdajì láti ọjọ́ tí mo ti rà á. Bí mo rọ epo kún un, ìdajì. Bó gbẹ, ìdajì. Rewáyà mi ti sọ fún mi pé ó ti kú, pé kí n mówó wá kóun pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ààwẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni, ẹ sì mọ bí ara èèyàn ṣe máa ń yá lásìkò yẹn. Òkú gan-an, ìrètí mi ni pé yóò jí.

Àkúrẹ́ là ń lọ, ìkómọ ọmọ àbúrò mi. Èmi ni wọ́n ní kó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Mo wọ kóòtù, mo de táì, mo wá wọ bàtà dúdú tí mo rà nígbà tí wọ́n fi mí ṣe díákónì. Ẹ má fojú kékeré wo bàtà yìí o. Awọ gidi ni. Owó tí mo fi rà á, mi ò tíì lè sọ ọ́ lójú Ìyá Tòbí títí di òní. Ohun tó fà á tó fi pẹ́ lẹ́sẹ̀ mi ni pé mo máa ń gbé e lọ́wọ́ tójò bá ń rọ̀.

Ohun tó kó bá mi gan-an kì í ṣe gééjì, Sọ́ńdè Sùkúù ni. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, èmi ni mo kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, ìtàn Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá ni mo sì sọ. Ọmọ Odò-Ọwà, tó kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, tó wá wọṣẹ́ ìjọba, tó ń wa rólà tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì láàárín Iléṣà sí Àkúrẹ́ lọ́dún 1928. Rólà ń lọ, rólà dúró. Kò sí bó ṣe ṣe é tó fẹ́ lọ mọ́, títí ohùn kan fi pè é lórúkọ pé kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kó lọ máa wàásù. Nígbà tó fi máa di 1930, èrò ti ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ sí Òkè-Ọ̀óyè ní Iléṣà, tí wọ́n ń pọn omi dání kó lè gbàdúrà sí i. Mo sọ ọ́ dáadáa. Mo tiẹ̀ fẹnu ṣe rólà fáwọn ọmọdé: gbùúrù, gbùúrù, gbùúrù, kẹ̀! Màmá àgbà kan sunkún. Láti ọjọ́ náà lorí mi ti wú.

Bá a ṣe kọjá Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tá a fẹ́ dé Ìkéjì-Arákejì, níbi tí ìjọ CAC (Christ Apostolic Church) kọ́ yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Babalọlá sọ sí, ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi húkọ́. Ó tún húkọ́. Ó wá ní: kẹ̀!

Ara mi gbọ̀n. Títì yẹn kan náà ni. Adúgbò yẹn kan náà ni.

Mo ní, "Ìyá Tòbí, ṣé o gbọ́?"

Ó ní, "Mo gbọ́. Epo ni."

Mo ní, "Ohùn ni mò ń sọ."

Kò dá mi lóhùn mọ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ó jí díẹ̀, ó tún kú. Ìyẹn gan-an ló wá pa mí. Ẹni tórí ẹ̀ pé yóò rò ó pé ìyókù epo tó wà nísàlẹ̀ táǹkì ló ń gbìyànjú. Èmi rò ó pé Ọlọ́run ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Mo bọ́ sílẹ̀. Mósè wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe bọ́ bàtà nídìí igbó tó ń jó. Mo bọ́ bàtà mi, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan létí koríko, mo kọjú wọn síwá, mo sì dúró sórí ọ̀dà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀. Aago méjìlá ọ̀sán, inú ẹ̀ẹ̀rùn. Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ti lu, àtàǹpàkò yọrí síta látibẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ fara kan ọ̀dà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀dà yẹn gbóná! Mo fò sókè, mo fi ẹsẹ̀ òsì balẹ̀, òsì náà pariwo, mo tún gbé ọ̀tún. Mo ń jó lójú títì bí ẹni tí ìjàlọ wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ohun tó sì ń jáde lẹ́nu mi ni, "Ṣíì! Hà! Yééè! Ṣíì-ṣíì! Hàbà!" Kí ló wá dé tí mi ò kúrò lórí ọ̀dà? Ìbéèrè tí Ìyá Tòbí ń bi mí lójoojúmọ́ nìyẹn. Mo rò pé ìdánwò ni.

Ó sọ gíláàsì mọ́tò wálẹ̀, ó rọra yọjú. "Dádì Tòbí, Babalọlá tẹ́ ẹ kọ́ wọn nípa rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Benin lọ́dún 1932. Ẹ ò sọ ìyẹn fún wọn. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń lọ nìyẹn, ẹ fún mi ní káàdì báńkì yín kẹ́ ẹ tó lọ." Ó gbé gíláàsì sókè padà.

Ìgbà yẹn ni ìyá kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ agbagbà lódìkejì títì rí mi. Ohun tó rí rèé: ọkùnrin tó wọ kóòtù, tó de táì, tí òógùn bò, tí kò wọ bàtà, tó ń fò, tó ń fọ èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Ní Ìkéjì! Ìyá náà fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó sáré sọdá, ó kúnlẹ̀ gbì.

"Wòlíì! Mo mọ̀ pé Ọlọ́run á rán yín wá!"

Mo ní, "Màmá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Díákónì lásán ni mí."

Ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bẹ́ ẹ ṣe máa ń rẹ ara yín sílẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ẹni Ọlọ́run."

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ó ní ọjà òun ti dákẹ́, àwọn oníbàárà ń kọjá òun lọ sọ́dọ̀ ẹni kejì. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo gbàdúrà. Kí n má purọ́, àdúrà náà dùn mọ́ èmi fúnra mi. Mo ti gbàgbé ẹsẹ̀ mi. Ohùn mi ti nípọn, mo ti ń fi "ní ilẹ̀ yìí tí baba wa ti gbọ́ ohùn" há inú rẹ̀. Nígbà tí mo máa fi lajú, ẹni mẹ́ta ti wà lórí ìdúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ yunifásítì kan wà níbẹ̀ tó ń fìdí rẹmi ṣáá nínú ẹ̀kọ́ kan. Bàbá àgbàlagbà kan ní orúnkún ń dun òun. Ọlọ́kadà kan dúró sẹ́yìn pátápátá, ó káwọ́ gbera.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ yìí, ẹ jẹ́ n bi yín. Ṣé èmi nìkan ni? Ta ló wà níbi ìṣọ́ òru tí jẹnẹrétọ̀ kú lójijì láàárín orin? Pásítọ̀ ní ọ̀tá ti wọlé. Gbogbo wa dìde, a de ẹ̀mí òkùnkùn, a tú u, a tún un dè. Àwọn akọrin sunkún. Alàgbà kan rí ìran ejò dúdú kan tó lọ́ mọ́ wáyà. A jà lóru ọjọ́ náà débi pé ọ̀fun èmi fúnra mi fọ́. Ta ló wá yanjú ẹ̀? Ọmọ tó ń lu ìlù fún wa, tí kò tíì ṣèrìbọmi pàápàá, tó rọra bọ́ sẹ́yìn ilé, tó da epo sí jẹnẹrétọ̀. Iná dé. Ìjọ hó yèè. Lọ́jọ́ ìsinmi tó tẹ̀ lé e, wọ́n jẹ́rìí ìṣẹ́gun, kò sì sẹ́ni tó dárúkọ onílù. Alàgbà olójú ìran yẹn wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín mi jù lọ. Ẹ bá mi bi í, níbo ni ejò náà wà báyìí?

Ẹ jẹ́ n padà sí Ìkéjì. Mo gbàdúrà fún ọmọ yunifásítì, mo gbàdúrà fún orúnkún bàbá. Ó kan ọlọ́kadà. Mo na ọwọ́ sí orí rẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́.

"Ẹ má bínú, sà. Èmi ò wá gbàdúrà. Mo kàn fẹ́ béèrè ni, ṣé epo wà nínú ẹ̀?"

Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Láti inú mọ́tò ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín Ìyá Tòbí, mọ́tò náà ń mì. Ọmọ náà ṣí ìdérí táǹkì, ó gbé etí sí i, ó ní ká bá òun mi mọ́tò. Èmi, ọmọ yunifásítì, àti bàbá olórúnkún, a mì í. Kò sí ohun tó dún nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí bàbá olórúnkún o, ó mì í dáadáa. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan nípa ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Ọlọ́kadà lọ gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan wá, ó bu iye lé e bí àwọn tó ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà ṣe máa ń ṣe. Mo tọwọ́ bọ àpò. Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Ó ní kò ṣeé gbọ́, kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run máa sanwó nílẹ̀ àwọn. Ó tú etí ìró, ó kówó jáde. Mo kọ̀. Mo tún kọ̀. Ẹnìkan nawọ́ méjèèjì látojú fèrèsé mọ́tò, ó gbà á, ó ní, "Ẹ ṣeun o, Màmá, Ọlọ́run á fi òmíì rọ́pò." Ẹ mọ ẹni náà.

Mọ́tò ṣiṣẹ́. Wọ́n pariwo, "Halelúyà!" Ìtìjú ti bò mí débi pé mo sáré wọlé, mo fún ìyá náà ní nọ́ńbà mi nítorí ó béèrè, mo tẹná. Mi ò wo ẹ̀yìn.

Ìgbàrá-Òkè la wà, mo fẹ́ tẹ bíréèkì, mo rí i pé àtàǹpàkò ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Tòbí, bàtà mi dà?"

"Ó wà lórí ilẹ̀ mímọ́."

A ò lè padà, a ti pẹ́. Nígbà tá a dé Àkúrẹ́, wọ́n ti gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ti gbàdúrà àárín, wọ́n ti ń pín ìrẹsì. Ìyá ìyàwó àbúrò mi wo táì mi, ó wo kóòtù mi, ó sọ̀ kalẹ̀ dé àtàǹpàkò, ojú ẹ̀ dúró síbẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o, sà," ohùn ẹ̀ sì dà bíi pé àwọn jàgùdà ló dá wa lọ́nà. Sẹ́yìn àwọn tó ń fọ abọ́ ni wọ́n gbé àga mi sí.

Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú mi dùn, mo ní, "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú bàtà náà, màá wá gbà á." Ó ní kí n má ṣèyọnu, òun ti tọ́jú ẹ̀. Ó ti gbé e sábẹ́ tábìlì ọjà. Ó ní gbogbo agbagbà tó wà nílẹ̀ ló tà kí ilẹ̀ tó ṣú, pé ṣebí aṣọ ara Pọ́ọ̀lù ni wọ́n ń mú lọ bá àwọn aláìsàn nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Mo ní bàtà kọ́ laṣọ. Ó ní ìgbàgbọ́ òun gbé e.

Ó ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó ti da òróró sí i. Òróró! Sórí awọ gidi! Ó lọ́rá rẹrẹ, èèyàn méjì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ nínú fọ́tò náà, wọ́n fọwọ́ kàn án. Ó ní kí n jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ títí di Ọdún Àjíǹde. Sáńdààsì ni mò ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, lójú Pásítọ̀ tó ní kí àwọn díákónì máa wọ bàtà tó bo ọmọ ìka.

Rewáyà mi ń lọ sí Àkúrẹ́ lánàá, mo bẹ̀ ẹ́ kó yà bá mi gbà á. Ìyá náà bi í bóyá Wòlíì ló rán an. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kó kí mi dáadáa, ó gbé odidi agbagbà kan fún un pé kó gbé e wá fún mi, ó sì fi ẹsẹ̀ ti bàtà sẹ́yìn lábẹ́ tábìlì. Rewáyà gba owó epo lọ́wọ́ mi, ó ní kí n rántí gééjì.

Dòdò ni Ìyá Tòbí ń dín nínú ilé ìdáná báyìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ké sí mi pé kí Wòlíì máa bọ̀ wá jẹun, kó tó tutù.