Súútìn nílé, Buckeyes lẹ́yìn odi

Sátidé àkọ́kọ́ tí mo lò ní Columbus, ní ìpínlẹ̀ Ohio, mo rò pé òkú olóyè ńlá kan ni wọ́n fẹ́ sin. Gbogbo àdúgbò ló wọ àǹkóò, pupa àti aláwọ̀ eérú. Bàbá arúgbó wọ̀ ọ́, ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń tì nínú kẹ̀kẹ́ wọ̀ ọ́, ajá aládùúgbò mi gan-an ní tiẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n ń yan ẹran síwájú ilé, èéfín gba gbogbo àdúgbò. Ó pẹ́ kí n tó rẹ́ni bi, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ni. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbé sáré. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ yunifásítì! Pápá yunifásítì Ohio State (Buckeyes ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn) gba èèyàn 102,780, láti 1922 ló ti wà níbẹ̀, ó sì máa ń kún dẹ́nu. Ẹ rántí pé ọmọ iléèwé ni wọ́n ń lọ wò o.

Èkótẹ̀dó ni wọ́n bí mi sí, n'Ìbàdàn. Tí wọ́n bá gbá góòlù wọlé ní pápá Adámásìngbà, a ò nílò rédíò, ariwo á ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Eré àwọn yunifásítì wà nílé náà, Ìbàdàn gan-an ni wọ́n ti ṣe ìdíje NUGA àkọ́kọ́ lọ́dún 1966. Mo lọ wo irú ìdíje àwọn ọmọ yunifásítì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fẹ́ẹ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń wòran lọ, ìyá tó ń ta gúgúrú àti ẹ̀pà sì ti palẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó padà wọ pápá fún abala kejì. Ta ló fẹ́ wọkọ̀ lọ wo ọmọ iléèwé? 3SC, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ìbàdàn, ló ni wá.

"Up Súútìn!" ni a máa ń ké. (Shooting Stars, ìyẹn 3SC, ni, àmọ́ ará Ìbàdàn wo ló lákòókò láti wá ṣ kiri?) Bàbá mi lè gbàgbé ọjọ́ ìbí wa, wọn ò lè gbàgbé 1976, nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì ń jẹ́ IICC, tí wọ́n gba ife Cup Winners ilẹ̀ Áfíríkà. Kíláàbù Nàìjíríà kankan ò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà rí kó tó di ọjọ́ náà. Orúkọ Muda Lawal àti Segun Odegbami máa ń jáde lẹ́nu wọn bí ẹni ń ki oríkì ilé. Èmi ò bá ìyẹn. Tèmi ni 1996, nígbà tí a dé àṣekágbá ife àwọn aṣáájú ilẹ̀ Áfíríkà, tí Zamalek ti Íjíbítì fi pẹnáritì gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Zamalek kan náà ló nà wá ní 1984. Alẹ́ ọjọ́ ti 1996 yẹn, ìyá mi gbé àmàlà síwájú bàbá mi, ó wà níbẹ̀ títí ó fi tutù, tó fi gan.

Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Michigan, yunifásítì tó jẹ́ ọ̀tá wọn nídìí bọ́ọ̀lù, tètè yé mi. Ìparí oṣù November ni Ohio State àti Michigan máa ń pàdé. Láti 2021 dé 2024, Michigan nà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́rin léraléra. Ti 2024 ló burú jù, nítorí inú ilé wọn níbí ni, Michigan ọdún yẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ lágbára: 13 sí 10. Bí wọ́n ṣe parí, àwọn àlejò fẹ́ ri àsíá wọn mọ́ àárín pápá, ni ìjà bá bẹ́, ọlọ́pàá fọ́n omi ata sí wọn lójú. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi ni mo ti wò ó. Bàbá ẹni àádọ́rin ọdún ó lé díẹ̀ ni. Ó ti ní kí n máa pe òun lórúkọ, ẹnu mi kọ̀, "Bàbá" ni mò ń pè é, ó sì ti ń jẹ́ ẹ. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí fìlà, ó dojú ẹ̀ dé orí tábìlì, ó jáde lọ gbá ewé ìdí igi nínú òtútù. Mo mú ìgbálẹ̀ kejì, mo tẹ̀ lé e. Ó ṣe mí bíi kí n sọ̀rọ̀ Zamalek fún un, àmọ́ ibo ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Ní January 2025, ẹgbẹ́ kan náà yìí lọ na Notre Dame 34 sí 23, wọ́n gba ife gbogbo orílẹ̀-èdè. Ẹ béèrè ọdún yẹn lọ́wọ́ Bàbá lónìí, Michigan ló máa kọ́kọ́ mẹ́nu bà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ ni pé Bàbá ò ka ìwé kankan ní Ohio State. Mẹkáníìkì tírélà ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá tiẹ̀ ló kọ́kọ́ mú un lọ pápá, òun náà mú ọmọ ẹ̀ lọ, ó ti ń mú ọmọ-ọmọ lọ báyìí. Tí ẹnì kan bá ké "O-H!" nínú ilé ìtajà, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí á dáhùn "I-O!" láti ìdí tòmátì. Bí bàbá mi ṣe ní 3SC nìyẹn. Àwa ọmọ wọn ni a ṣí lọ. Ẹgbẹ́ mi kan lọ Arsenal, ìkan lọ Chelsea, ìkan lọ Man U, a ń sanwó wọ viewing center, a fún ara wa pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, èéfín jẹnẹrétọ̀ ń fẹ́ wọlé, a ń bá ará Lọ́ńdọ̀nù sunkún. Ìgbà tí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ lè sùn sórí títì Mọ́kọ́lá.

Bọ̀dá mi nìkan ló ṣì ń ṣe méjèèjì. Wọ́n á jókòó sí Adámásìngbà, wọ́n á ki ohun ìgbọ́rọ̀ bọ etí kan, kí wọ́n lè mọ iye tí Arsenal gbá. Ọdún 2025 ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba líìgì Nàìjíríà. "Ìkẹ́nnẹ́," ni wọ́n ń pè lórí fóònù, "Ìkẹ́nnẹ́ o! Ìbàdàn sì wà níbẹ̀, ó ń wòran."

Ẹjọ́ tí Bàbá ń rò fún mi lójoojúmọ́ báyìí, ẹjọ́ owó ni. Tẹ́lẹ̀, èèwọ̀ ni kí ọmọ yunifásítì gba kọ́bọ̀ nídìí bọ́ọ̀lù. Níbí gan-an, lọ́dún 2010, wọ́n ká a mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù Ohio State lọ́wọ́ pé wọ́n ta òrùka ife àti aṣọ ìdíje wọn, pé àwọn kan tiẹ̀ fi fín ara. Wọ́n ní kí wọ́n lọ jókòó fún ìdíje márùn-ún. Kóòṣì Jim Tressel fipò sílẹ̀ ní 2011. Nígbà tó di 2012, tí wọ́n gbá ìdíje 12 tí wọ́n sì borí nínú méjèèjìlá, wọn ò jẹ́ kí wọ́n du ife. Nítorí ara fínfín! Ó di July 2021, òfin yí, ọmọ lè fi orúkọ àti àwòrán ara ẹ̀ gbowó lọ́wọ́ olùpolówó ọjà. Ó di July 2025, ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí i, yunifásítì fúnra ẹ̀ ti lè máa pín owó fún wọn, tó lè tó mílíọ̀nù dọ́là 20.5 lọ́dún àkọ́kọ́ ní iléèwé kan. Ẹni tí ibùdó ẹ̀ ò bá sì tẹ́ lọ́rùn, á forúkọ sínú transfer portal, á ṣí lọ síbòmíì.

Portal ọ̀hún ló bá wọn gba ife. Kansas State ni Will Howard tó ju bọ́ọ̀lù fún wọn ní 2024 ti wá, Alabama ni Caleb Downs ti wá. Ọ̀gá eré ìdárayá ibẹ̀ fẹnu ara ẹ̀ sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 dọ́là ló bá ẹgbẹ́ ọdún yẹn lọ. Bàbá ń fi ife yangàn, ó sì ń bú owó tó gbé e wá. Ó ní òun kì í mọ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́, pé òun á ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ tán ni ọmọ á ti kó ẹrù ẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti di ọmọ Ìbàdàn láìmọ̀: Rashidi Yekini gan-an, ọdún díẹ̀ ló lò lọ́dọ̀ wa kó tó tẹ̀síwájú.

Mo pe Bọ̀dá mi, mo rò ó fún wọn.

"Dúró ná. Iléèwé ni?"

"Iléèwé ni, sà."

"Iléèwé tí wọ́n ti ń kàwé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá mi."

"Kóòṣì wọn ńkọ́?"

Mo ní kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba kan ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ohio tí owó ẹ̀ tó ti kóòṣì Ryan Day. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Má sọ ọ́ síta o. Tí ASUU bá fi gbọ́, ìdaṣẹ́sílẹ̀ oṣù mẹ́jọ ti 2022 á dà bí ọ̀rọ̀ àwàdà."

Mi ò sí lẹ́yìn Bàbá lórí ọ̀rọ̀ owó yìí, mo sì ti sọ ọ́ lójú ẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó ń lẹ táyà nítòsí Mọ́kọ́lá nígbà tí mo wà ní girama. "Skippo" ni àwọn àgbà máa ń pè é, nítorí ó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, wọ́n á rọra dúró kí i bí wọ́n bá ń kọjá. Lọ́jọ́ kan, ó ká ṣòkòtò sókè, ó ní kí n fọwọ́ kan orúnkún òun. Ó le bíi kókó igi. Ó ní tó bá di ọjọ́ ìdíje, wọ́n á gún òun lábẹ́rẹ́ kí òun má bàa mọ ìrora, tó bá wá di ìparí oṣù, wọ́n á ní owó ò tíì jáde. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni mọ́tò kan dúró. Ó sọ ṣòkòtò kalẹ̀, ó lọ fẹ́ táyà.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yìí gbowó wọn. Kí wọ́n gbà á nígbà tí orúnkún ṣì ń ká.

Ohun tó dùn mí nínú ẹ̀ ni ti àwọn ọmọ wa. Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò nídìí eré yunifásítì Amẹ́ríkà. Houston ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ti ṣe yunifásítì kó tó fi Rockets gba ife NBA ní 1994 àti 1995. Yunifásítì kan ní El Paso, ní Texas, ni Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, lọ, kó tó di pé ó sáré fífò 100 mítà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 lọ́dún 2022, tí gbogbo ayé dìde dúró. Àmọ́ ọmọ tó bá fi físà akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ò lè gba owó ìpolówó yìí bí ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ń gbà á, físà náà ò fún un láyè iṣẹ́. Mo mọ ọmọ kan tó ń sáré fún iléèwé kan lápá ibí. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá ti ra mọ́tò. Òun ni ọmọ yẹn ń dúró dè kó gbé òun lọ ra gààrí.

Ti àwọn tó fi eré ṣe iṣẹ́ jẹ, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 2017, Cleveland Browns, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kan ní Ohio níbí, gbá ìdíje 16, wọ́n pàdánù nínú mẹ́rìndínlógún. Nílé, wọn ì bá ti jábọ́ sí ìpele ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì ti fọ́ gíláàsì bọ́ọ̀sì wọn. Níbí, àwọn ni wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣa nínú àwọn ọmọ tuntun tó ń bọ̀. Ẹni tó gbẹ́yìn ni wọ́n gbé itan ẹran fún! 3SC ti jábọ́ rí, mo mọ bó ṣe ń ta èèyàn, síbẹ̀ mo fara mọ́ tiwa jù. Ẹ̀rù ìjábọ́ máa ń jẹ́ kí ìdíje ìparí ọdún ládùn, kódà fún ẹni tí ò lè gba ife.

Tẹ́tẹ́, bákan náà lọmọ ṣe orí. Nílé, àwọn ọ̀dọ́ á tò síwájú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Láti January 2023 tí Ohio ti fàyè gbà á, inú fóònù ló wà níbí, ìpolówó ẹ̀ ò sì jẹ́ kéèyàn gbádùn eré. Ní 2025, wọ́n gbé àwọn méjì tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Cleveland Guardians, ẹgbẹ́ baseball, lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní wọ́n ń bá onítẹ́tẹ́ dìtẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe máa jù ú. Bọ̀dá mi ò tiẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Super Eagles ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká sọ ọ́. Ife Àgbáyé 2026 bọ́ sí ilẹ̀ tí mò ń gbé, mo ti ń tọ́jú owó tíkẹ́ẹ̀tì sápá kan, Kóńgò fi pẹnáritì lé wa ní Rabat ní November 2025. Owó náà ti di táyà mọ́tò.

November yẹn kan náà ni ọ̀sẹ̀ Michigan tún dé. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n máa ń fi téèpù pupa fa igi lé gbogbo lẹ́tà M tó bá wà lára pátákó ní yunifásítì náà, bíi pé lẹ́tà ọ̀hún ló jẹ wọ́n lówó. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní pátákó orúkọ tí mo kàn mọ́ òpó bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níwájú ilé, lẹ́tà gàdàgbà-gadagba: MORẸ́NIKẸ́. Ó sáré wọlé wá bá mi. "Dádì, Bàbá ti pa M mi rẹ́!" Mo jáde, mo bá arúgbó lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún, téèpù lọ́wọ́, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ etí ẹ̀ kó lè lẹ̀ dáadáa. Ó ní kí n má bínú, òfin ìlú ni.

Mo ka ohun tó ṣẹ́ kù: Ó RẸ́NI KẸ́.

Ó béèrè ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un pé "Mo rí ẹni tí màá máa kẹ́" ni orúkọ ọmọ náà tẹ́lẹ̀, pé ní báyìí tó ti yọ M, ó ti di pé ẹlòmíì ló rí ẹni tó ń kẹ́. Ó wo pátákó, ó wo Morẹ́nikẹ́, ó ní ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di Sátidé.

Wọ́n na Michigan 27 sí 9. Téèpù náà ṣì wà níbẹ̀. Morẹ́nikẹ́ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, ó ní M òun tí wọ́n pa ló ṣe é.