Láti Ilé-Ifẹ̀ dé Bàhíà: Ọ̀nà Kò Jìn, Yíyí Ká Ló Pọ̀

Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé Salvador, olú ìlú Bàhíà ní Brazil, ni mò ń lọ, ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ó jìn ju Lọ́ńdọ̀nù lọ ni?" Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná, Mà." Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu gan-an. Láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù, nǹkan bíi kìlómítà 5,000 ni lójú òfuurufú. Láti Èkó dé Salvador náà, nǹkan bíi 5,000 ni, díẹ̀ ló fi lé. Bàálù tó lọ tààrà sí Lọ́ńdọ̀nù ń lo nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Bó ṣe yẹ kí Bàhíà náà rí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kò sí bàálù tó ń ti Èkó lọ síbẹ̀ tààrà.

Mo kúrò ní Ifẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Mo bá yín sọ ọ́ tọkàntọkàn, ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti Iléṣà: ẹ má gbára lé ọjọ́ kan náà. Èkó ju 200 kìlómítà lọ sí wa, ẹ ó gba Gbọ̀ngán, Ìkirè àti Ìbàdàn kọjá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ sì lè dá yín dúró kí ẹ tó wọ Èkó. Ẹ sùn sí Ìkẹjà. Ẹ má gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú.

Láti Èkó, Addis Ababa ni bàálù Ethiopian kọ́kọ́ gbé wa lọ, nǹkan bíi 3,900 kìlómítà, wákàtí márùn-ún. Ìlà-oòrùn la kọrí sí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ni Brazil wà! Lẹ́yìn tí a dúró títí, a wọ òmíràn lọ sí São Paulo: 9,900 kìlómítà, nǹkan bíi wákàtí méjìlá. Mò ń wo máàpù tó wà níwájú ìjókòó mi bí a ṣe tún ń la Áfíríkà kọjá padà kí a tó bọ́ sórí òkun, inú mi ò sì dùn. Láti São Paulo dé Salvador tún ku 1,450. Àpapọ̀ rẹ̀ ju 15,000 lọ, ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà tó yẹ kó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí nítorí àwọn baba ńlá wa. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ Malê ọdún 1835, tí àwọn Mùsùlùmí ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ dì, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ti gba òmìnira wọ ọkọ̀ ojú omi ní Bàhíà, wọ́n sọdá òkun padà sílé. Àwọn àti irú wọn ló tẹ Pópó Àgùdà, àdúgbò àwọn tó ti Brazil dé, dó ní Èkó. Ọkọ̀ onígbòkun ń sọdá òkun yẹn nígbà náà. Àwa tí a ní bàálù là ń yí ayé ká.

Ní Pelourinho, àdúgbò àtijọ́ kan ní Salvador, mo bá ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun tó ń din àkàrà nínú epo pupa. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ fún wọn pé Ifẹ̀ ni mo ti wá, wọ́n bi mí nípa ọ̀nà. Mo ṣàlàyé. Wọ́n mirí, wọ́n fi ìka wọn han òkun: ọ̀kánkán ibẹ̀ náà ni.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà àti ti Brazil fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọkọ̀ òfuurufú. Tí bàálù bá ń lọ tààrà láti Èkó sí São Paulo, nǹkan bíi 6,350 kìlómítà ni, kò ní ju wákàtí mẹ́jọ lọ púpọ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n Salvador gan-an ni mo fẹ́ kí wọ́n máa balẹ̀ sí.